Ojú Rere Ta Ni À Ń Wá Nígbà Tí A Bá Ń Fúnni?

Ní Ọjọ́rú Eérú, kí Fadá tó fi eérú sàmì sí wa lórí, Ìhìn Rere kan náà ni a máa ń gbọ́ lọ́dọọdún, èyí tí ó wà ní orí kẹfà ìwé Mátíù Mímọ́. Níbẹ̀ ni Olúwa wa ti sọ̀rọ̀ lórí nǹkan mẹ́ta: ìtọrẹ àánú, àdúrà, àti ààwẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìtọrẹ àánú ni ó fi ṣáájú. Kò sì bi wá bóyá a ó ṣe é. Ó gbà pé ọmọlẹ́yìn òun yóò ṣe é dandan. Ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é ni ó kìlọ̀ fún wa lé lórí: kí a má fun kàkàkí ṣáájú ara wa, kí ọwọ́ òsì má tilẹ̀ gbọ́ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ṣe.

A ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti kékeré. A kọ́ ọ nínú ẹ̀kọ́ katikísíìmù, a tún kọ́ ọ ní sẹmináárì, a sì ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń múra fún Kọmúníọ̀n àkọ́kọ́. Síbẹ̀, ọjọ́ kan dé tí ó hàn sí wa pé etí lásán ni a fi gbọ́ ọ. Ìtàn ọjọ́ náà ni a fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún yín, bí kò tilẹ̀ bu iyì kún wa.

Ìwé orúkọ tí a kà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nínú ìjọ kan tí a ti sìn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ni ẹ̀sìn, a ṣe àjọ̀dún ìkórè. Òrùlé ilé ìsìn ń jò, ìgbìmọ̀ ìjọ sì fẹ́ fi owó ìkórè náà tún un kàn. A gbé tábìlì sí ẹnu ọ̀nà, akọ̀wé jókòó tì í, olúkúlùkù ń san tirẹ̀, akọ̀wé ń kọ orúkọ àti iye owó. Lẹ́yìn Mísà, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé wa lọ́wọ́ pé kí a kà á sí etí gbogbo ènìyàn. Bí wọ́n ṣe tò ó ni a ṣe kà á: a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí ó san jù lọ, a ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ẹni tí ó ṣáájú san 100.000 fráǹkì. Ìlù sọ, àtẹ́wọ́ ró, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ akọrin dìde jó lọ bá a níbi tí ó jókòó sí. Ẹni tí ó tẹ̀ lé e san 50.000, ìlù sọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Bí owó ti ń kéré sí i ni àtẹ́wọ́ ń rọlẹ̀ sí i. Nígbà tí a fi dé ìsàlẹ̀ ìwé, oòrùn ti mú, àwọn ọmọ ti ń sunkún. Orúkọ ìyá arúgbó kan ni ó gbẹ̀yìn, opó ni, àkàrà ni ó ń dín tà. A pe orúkọ rẹ̀, a sì pe iye tí ó san: 200 fráǹkì. Kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Àwa pa ìwé dé, a ní kí Ọlọ́run bùkún gbogbo wa, ó parí.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, a kò rí ìyá náà. Ní èyí tí ó tẹ̀ lé ìyẹn, a kò rí i. Ní ẹ̀kẹta, ó wá, ó jókòó sí ìdí ògiri lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí gbogbo ènìyàn dìde láti gbé ọrẹ lọ síwájú pẹpẹ, kò dìde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà a lọ kí i ní ilé. Ó bu omi fún wa, ó bi wá léèrè àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ni ó sọ̀rọ̀.

Ó ní: “Olùkọ́, n kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí bàbá àwọn ọmọ mi ti kú ni mo ti ń fi aṣọ bo ìṣẹ́ mi. Bí mo bá jẹ, bí n kò jẹ, kò sí ará ilé kan tí ó mọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ká aṣọ náà kúrò lára mi, lójú gbogbo ìjọ, nínú ilé Ọlọ́run.”

A kò rí èsì kankan fọ̀. A dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí a dìde, ó ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó kan ìtìjú àgbàlagbà kì í tán bẹ́ẹ̀.

Ìdí ìwé ni Olúwa ti bẹ̀rẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a ṣí Ìhìn Rere, a tún ka ìtàn opó tí ó wà ní orí kejìlá ìwé Máàkù Mímọ́ àti ní orí kọkànlélógún ti Lúùkù Mímọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Olúwa wa jókòó sí ọ̀kánkán àpótí ìṣúra ní Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù, ó ń wo bí àwọn ènìyàn ti ń sọ owó sínú rẹ̀. Àwọn ọlọ́rọ̀ ń sọ púpọ̀. Opó aláìní kan dé, ó sọ owó wẹ́wẹ́ méjì sí i. Olúwa pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi yé wọn pé obìnrin yìí ti fi ju gbogbo wọn lọ, nítorí àwọn yòókù mú nínú àníṣẹ́kù wọn, òun mú nínú ohun tí ó fẹ́ fi jẹun.

Ẹ̀yin ará, Olúwa pẹ̀lú ka ìwé orúkọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdí ìwé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí àwa fi sí ìkẹyìn ni òun fi ṣáájú. Òṣùwọ̀n rẹ̀ kì í ṣe iye tí ó jáde ní ọwọ́. Iye tí ó kù sí ọwọ́ ni ó ń wò.

Ohun mìíràn tún wà nínú ìtàn náà tí a kò fojú sí tẹ́lẹ̀. Olúwa kò pe obìnrin náà padà. Kò ní kí ó dìde kí wọ́n rí i. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó pè sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ni ó bá sọ̀rọ̀. Ìwé Mímọ́ kò sọ fún wa pé opó náà gbọ́ ìyìn tí a yìn ín, kò sì sọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ó wá bí aláìní tí ó níyì, ó sì padà sí ilé pẹ̀lú iyì rẹ̀. Báyìí ni Ọmọ Ọlọ́run ṣe bo àṣírí tálákà. Àwa tí à ń pe ara wa ní ìránṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni a fi tú u.

Kí ni a ṣe sí ẹni tí ó san 100.000?

Ẹ má rò pé opó náà nìkan ni a ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ro ti ẹni tí ó ṣáájú ìwé náà wò. Bóyá ọkàn mímọ́ ni ó fi mú owó rẹ̀ wá. Bóyá ọpẹ́ ni ó ń dá nítorí ọmọ tí ó yè nínú àìsàn, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan mọ̀ sí. Olúwa ṣèlérí pé Baba tí ń ríran ní ìkọ̀kọ̀ yóò san án fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó sì sọ nípa àwọn tí ń wá ìyìn ènìyàn pé wọ́n ti gba owó iṣẹ́ wọn tán. Àwa fi ìlù àti àtẹ́wọ́ san gbèsè tí ó yẹ kí Ọlọ́run fi ara rẹ̀ san. Ìlù dákẹ́ kí a tó dé ilé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí wọ́n wà ní àárín ìwé. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ẹnì kan lọ yá owó nítorí kí orúkọ rẹ̀ má bàa sún mọ́ ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n jẹ ìyà gbèsè náà. Ìyẹn kì í ṣe ọrẹ mọ́, owó orí ni, ìtìjú ni ó sì ń gba owó orí náà.

Ìtàn Ananíà àti Sàfírà, ní orí karùn-ún ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, kọ́ wa pé kì í ṣe nítorí pé wọ́n mú díẹ̀ wá ni wọ́n ṣe jẹ̀bi. Pétérù Mímọ́ fi yé wọn pé tiwọn ni ilẹ̀ náà kí wọ́n tó tà á, tiwọn náà sì ni owó rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tà á. Bí wọ́n bá mú ìdajì wá tí wọ́n sì pè é ní ìdajì, kò ní sí wàhálà. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí ìjọ rí wọn bí ẹni tí ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ojú ènìyàn ni wọ́n fi owó náà rà.

Aṣoore má lóṣòó tì í

Kì í ṣe inú Bíbélì nìkan ni ẹ̀kọ́ yìí wà. Àwọn baba wa tí wọn kò mọ Ìhìn Rere ní ẹni tí ó ṣoore tí ó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Ẹ wo bí wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ sọ tó. Ẹni tí ó lóṣòó ti oore rẹ̀ ń ṣọ́ ọ, bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣọ́ ata tí ó sá sí oòrùn. Ó ń retí ìgbà tí a ó dúpẹ́, ó ń ka iye ìgbà tí a kí i, bí ọ̀rọ̀ díẹ̀ bá sì ṣẹlẹ̀, ó ní: “Ṣé èmi tí mo san owó ilé ìwé rẹ̀ ni ó ń wò lójú báyìí?” Àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín pẹ̀lú ní ẹ̀kọ́ pé kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún fi ṣe sàráà. Bí ohun tí gbogbo wa mọ̀ yìí bá wá ṣòro fún wa láti ṣe, àìmọ̀ kọ́ ni ó fà á.

Ẹnì kan lè dá wa lóhùn pé Yorùbá kan náà ni ó sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òtítọ́ ni. Nínú àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá tí Olúwa wò sàn, ẹyọ kan péré ni ó padà wá dúpẹ́, Olúwa sì béèrè àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a pín iṣẹ́ náà bí ó ti yẹ. Ẹni tí ó gbà ni ọpẹ́ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó fúnni, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó gbàgbé. Bí ẹni tí ó gbà kò bá ṣe tirẹ̀, kò ní kí àwa má ṣe tiwa.

Obìnrin kan tí wọ́n gba orúkọ rẹ̀

Ẹni tí ó mọ gbígbàgbé yìí ṣe ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ ni Jeanne Jugan Mímọ́. A bí i ní ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1792 ní Cancale, ìlú àwọn apẹja ní etí òkun ilẹ̀ Faransé. Ó ṣì kéré nígbà tí baba rẹ̀, tí í ṣe apẹja, bá omi lọ. Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó fi bọ́ ara rẹ̀, ó ń dáná ní ilé olówó, ó ń tọ́jú aláìsàn. Ní ìgbà òtútù ọdún 1839, nígbà tí ó di ẹni ọdún 47, ó mú obìnrin arúgbó kan wọ ilé, afọ́jú tí ara rẹ̀ ti rọ, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì òun fúnra rẹ̀, òun sì lọ ń sùn ní àjà. Kò pẹ́ tí ó fi mú òmíràn wá. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin mélòó kan dara pọ̀ mọ́ ọn, báyìí ni ìjọ àwọn Arábìnrin Kékeré ti àwọn Tálákà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Níbo ni oúnjẹ ti ń wá? Jeanne gbé agbọ̀n, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń tọrọ fún àwọn arúgbó rẹ̀. Àwọn Arábìnrin rẹ̀ máa ń sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó bínú, tí ó gbá a létí nígbà tí ó wá tọrọ. Jeanne dáhùn pé èyí tó ti òun. Nísinsìnyí, kí ó wá fún òun ní ti àwọn tálákà òun. Wọ́n ní ọkùnrin náà fún un.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1843, àwọn Arábìnrin tún yàn án ṣe olórí wọn, ṣùgbọ́n àlùfáà tí ń ṣe àkóso wọn yí ìdìbò náà padà, ó fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Jeanne gbé agbọ̀n rẹ̀, ó ń tọrọ lọ. Ní ọdún 1845, Académie française fún un ní ẹ̀bùn ńlá nítorí iṣẹ́ àánú rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 1852, wọ́n pè é wọ inú ilé, wọ́n ní kí ó má bá àwọn olóore rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gbé níbẹ̀ fún ọdún 27, láìní ipò kankan, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń sọ fún àwọn ènìyàn pé àlùfáà náà ni ó dá ìjọ sílẹ̀. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 29 oṣù Ògún ọdún 1879, ìjọ náà ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀ kò mọ̀ pé ìyá tí ó bí ìjọ wọn ni arúgbó tí ń bá wọn rìn nínú ọgbà. Òtítọ́ wá jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀. Póòpù Benedict kẹrìndínlógún ni ó kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2009.

A kò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe sí i dára. Irọ́ ni, irọ́ kì í sì í di òtítọ́ nítorí pé ẹni mímọ́ fara dà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: bí wọ́n bá gba orúkọ wa kúrò lára iṣẹ́ oore wa, ṣé a ó máa bá a lọ? Bí ó bá jẹ́ pé nítorí àwọn arúgbó ni a ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn arúgbó ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí orúkọ ni, ọjọ́ náà ni a ó jáwọ́.

Ohun tí à ń fúnni kì í ṣe tiwa

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa ni Kádínà Bernardin Gantin, tí a bí ní Toffo ní ọdún 1922, ọmọ òṣìṣẹ́ réluwéè. Ní ọdún 1978, Póòpù John Paul kìíní, tí ó jọba fún ọjọ́ 33 péré, fi í ṣe olórí Cor Unum, ilé iṣẹ́ tí Póòpù Paul kẹfà dá sílẹ̀ ní Róòmù ní ọdún 1971 láti mú kí iṣẹ́ àánú Ìjọ káàkiri ayé ṣọ̀kan. Ẹni tí ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé kò sí fráǹkì kan tí ó gba ọwọ́ òun kọjá tí í ṣe tòun: ọ̀dọ̀ àwọn onígbàgbọ́ ni ó ti wá, ọ̀dọ̀ aláìní ni ó ń lọ. Ìríjú ni. Nígbà tí ó pé ẹni 80 ọdún, ní ọdún 2002, ó gbé ipò ńlá tí ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn Kádínà sílẹ̀, ó sì padà wá gbé láàárín wa. Ó kú ní ọdún 2008. Ní ilé ìsìn sẹmináárì Saint-Gall ní Ouidah ni wọ́n sin ín sí.

Àwa náà, ìríjú ni wá. Ìlera tí a fi ṣiṣẹ́, ọjà tí ó tà, ọmọ tí ó rí iṣẹ́, ta ni ó fún wa? Ẹni tí wọ́n rán pé kí ó gbé oúnjẹ lọ fún aládùúgbò kì í dúró sí ẹnu ọ̀nà kí wọ́n máa kì í ní oríkì. Yóò jíṣẹ́, yóò sì yà lọ.

Ìríjú rere a sì máa yọ̀ nígbà tí ẹni tí ó ń ràn lọ́wọ́ kò bá nílò rẹ̀ mọ́. Ní Porto-Novo wa yìí, ní ìhà Ouando, Fadá Godfrey Nzamujo, ọmọ ìjọ Dominican, bẹ̀rẹ̀ ibùdó Songhaï ní ọdún 1985 lórí ilẹ̀ héktà kan. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹran ọ̀sìn àti ẹja sísìn, kí wọ́n lè lọ dá dúró ní ìlú wọn. Ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ti gbà pé lọ́la ọmọ náà kò ní wá bẹ òun mọ́. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí tálákà wọn máa jẹ́ tálákà, kí ó lè máa wá sí ẹnu ọ̀nà wọn ní òwúrọ̀.

Kí ni kí á wá ṣe?

A gbé ọ̀rọ̀ opó náà lọ síwájú Fadá àti ìgbìmọ̀ ìjọ. Kò rọrùn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìgbìmọ̀ bi wá pé: “Olùkọ́, ṣé ìtìjú ni a ó fi kan òrùlé ni?” Ó ní bí a kò bá pe orúkọ, owó yóò dín. A ní láti sọ òtítọ́: ní ọdún àkọ́kọ́ tí a kò ka orúkọ mọ́, owó dín lóòótọ́. A fi ìgbà òjò kan sí i gbé abẹ́ òrùlé tí ń jò. Àwọn kan dá wa lẹ́bi, a sì gbà á.

Ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Vincent de Paul Mímọ́ ni a ti kọ́ ohun tí a ṣe. Frédéric Ozanam, akẹ́kọ̀ọ́ òfin, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Parisi ní oṣù Igbe ọdún 1833, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni 20 ọdún. Àwọn kan tí wọ́n ń fi Ìjọ ṣẹ̀sín bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe fún tálákà. Wọn kò fi ẹnu jà. Wọ́n ní Ozanam àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ru ìyókù igi ìdáná wọn lọ sí ilé aláìní. Títí di òní, ohun méjì ni a mọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ yìí: wọ́n ń bẹ tálákà wò ní ilé rẹ̀, kàkà kí wọ́n ní kí ó wá tò sí gbangba, bí wọ́n bá sì ń ṣe ìpàdé, àpò kan máa ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, olúkúlùkù yóò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kò sí ẹni tí ó mọ iye tí ẹnì kejì rẹ̀ fi sí i.

Nínú ohun tí a kọ́ yìí, a mú ìmọ̀ràn díẹ̀ wá fún gbogbo ìjọ àti gbogbo ilé:

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a máa kéde àpapọ̀ owó, kí a sì lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́ ògiri, bí ó ti wọlé àti bí a ti ná an. Ìpamọ́ orúkọ kì í ṣe ìpamọ́ ìṣirò. Ẹni tí ó mú owó wá lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí a fi ṣe. Aládùúgbò rẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ iye tí ó mú wá.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a dáwọ́ dúró nínú yíya àwòrán tálákà. Lóde òní, ẹni tí ó bá gbé àpò ìrẹsì kan fún opó, yóò ní kí opó náà di ẹ̀gbẹ́ kan àpò mú kí tẹlifóònù lè rí i, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo ìlú ti rí i. Ìrẹsì náà yóò tán láàárín oṣù kan. Àwòrán náà kò ní tán.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a fúnni ní ohun tí àwa náà lè lò. Aṣọ tí ó ti ya, oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ìdọ̀tí ilé wa ni a kó jáde. Kí a má pè é ní ìtọrẹ àánú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí a kọ́ gbígbà pẹ̀lú. Pétérù Mímọ́ kọ́kọ́ kọ̀ kí Olúwa wẹ ẹsẹ̀ òun. Ẹni tí kò lè gba ẹyọ ọsàn kan lọ́wọ́ aláìní láìsan án padà lójú ẹsẹ̀ ṣì ń rò pé òun ga jù ú lọ.

Ẹlòmíràn yóò ní Olúwa kan náà, ní orí karùn-ún Mátíù, ni ó ní kí ìmọ́lẹ̀ wa tàn kí àwọn ènìyàn lè rí iṣẹ́ rere wa. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ ka gbólóhùn náà parí: kí wọ́n lè yin Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run lógo ni. Iṣẹ́ rere mìíràn kò ṣeé fi pamọ́. Ilé ìwòsàn kì í wọ abẹ́ ẹní. Ohun tí a ó fi wọn ara wa ni èyí: nígbà tí àwọn ènìyàn rí iṣẹ́ wa, ta ni wọ́n yìn? Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n yìn nítorí iṣẹ́ tí a ṣe, ǹjẹ́ a sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà?

Kí ẹ̀rù má sì ba ẹni tí ó rí i pé ọkàn òun kò mọ́ tó. Ọkàn ta ni ó mọ́ tán? Bí a bá ní kí á dúró kí ìfẹ́ ìyìn kú pátápátá nínú wa kí a tó fúnni, ebi yóò ti pa aláìní kú. Ẹ jẹ́ kí a fúnni lónìí, kí a sì bẹ Ọlọ́run pé kí ó máa wẹ ọwọ́ tí a fi ń fúnni.

Ní ti ìyá náà

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ìyá alákàrà ti já sí. Ní ìkórè ọdún kejì, àpò aṣọ dúdú kan ni a rán, ẹnu rẹ̀ há. Bí ìjọ ti ń kọrin, olúkúlùkù ń jáde, ó ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Àwa ni a di àpò náà mú. A rí i tí ìyá náà dìde ní ìdí ògiri, tí ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ó ki ọwọ́ bọ àpò, tí ó yọ ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ó wò wá lójú, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Iye tí ó fi sí i, a kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ṣe yẹ kí ó rí.

Fún ìdílé, ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Lẹ́yìn Rosárì, kí bàbá tàbí ìyá bi gbogbo ilé ní ìbéèrè mẹ́ta yìí, kí olúkúlùkù dáhùn nínú ọkàn rẹ̀. Ta ni mo ràn lọ́wọ́ rí tí mo ṣì ń ṣọ́ ọpẹ́ rẹ̀? Ta ni mo dójú tì nígbà tí mo rò pé oore ni mò ń ṣe? Oore wo ni mo lè ṣe nínú Kàrẹ́mù yìí tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ títí èmi yóò fi kú?

Kí á wá gbàdúrà pọ̀ báyìí: Olúwa, ìwọ tí o jókòó sí ọ̀kánkán àpótí ìṣúra, tí o sì rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí, kọ́ wa láti fúnni bí ẹni tí ń san gbèsè, kí á sì gbàgbé bí ẹni tí ó ti san án tán. Bo àṣírí àwọn aláìní láàárín wa. Dárí jì wá bí a bá ti tú u. Nípasẹ̀ Krístì Olúwa wa. Àmín.